Bọ́tìnnì mi ò sí lójú fóònù mọ́: ṣé kí n fi XAML sílẹ̀ ni?

Ọmọ Marina:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, àwọn oníbàárà wọn láti Lẹ́kí àti Àjàh a sì máa pè wọ́n láràárọ̀ láti béèrè iye tí ẹja jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìpè yẹn pọ̀ débi pé wọn kì í ráyè dá ẹni tó dúró níwájú wọn lóhùn. Ni mo bá ní kí n ṣe áàpù kékeré kan fún wọn: orúkọ ẹja, iye rẹ̀ lónìí, kí oníbàárà mú èyí tó wù ú, kó tẹ "Fi ránṣẹ́". .NET MAUI, irinṣẹ́ Microsoft fún ṣíṣe áàpù, ni mo fi ń ṣe é; XAML, èdè tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ojú áàpù, ni mo fi kọ ojú rẹ̀. Fídíò àtijọ́ kan ni mo fi kọ́ ọ.

Nígbà tí ẹja mẹ́ta péré wà nínú rẹ̀, ó dára. Mo kó méjìdínlógún sí i, mo gbé e sórí fóònù wọn, bọ́tìnnì bá pòórá. Ẹja mẹ́fà là ń rí; mo fi ìka fà á, kò gbéra. Bí mo bá sì pààrọ̀ iye àrọ̀, iye àná ló ṣì máa wà níbẹ̀, àfi kí n pa áàpù kí n tún un ṣí. Èyí tó dùn mí jù ni àmì ohùn: orí rẹ̀ ń gé. Àrọ̀ wá di arọ. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wò ó, wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní, "Ẹja ni mò ń tà, n ò ta èèyàn."

Ọ̀gá tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní kí n gbàgbé XAML, kí n lọ kọ́ Flutter, irinṣẹ́ Google fún ṣíṣe áàpù. Oṣù mẹ́rin ni mo ti lò nídìí ẹ̀. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Ará Pópó:
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kí ló gbé àwọn ẹja yẹn dání nínú fáìlì rẹ? VerticalStackLayout, àpótí tó ń to nǹkan láti òkè wá sísàlẹ̀, ni, àbí?

Ọmọ Marina:
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Òun ló wà lókè pátápátá. Label (ọ̀rọ̀) àkọlé, CollectionView (àtòkọ ẹja) àti Button (bọ́tìnnì) ló tẹ̀ léra nínú rẹ̀. Mo kọ VerticalOptions="FillAndExpand" sí CollectionView kó lè gba gbogbo àyè, bí wọ́n ṣe wí nínú fídíò náà.

Ará Pópó:
Ibẹ̀ gan-an ni. Wò ó, tá a bá ń kọ XAML, a kì í pàṣẹ pé gbé bọ́tìnnì dé ibí, dá a dúró síbẹ̀ yẹn. Ohun tá a fẹ́ kí ojú fóònù jẹ́ la ń kọ sílẹ̀. Àpótí tó gbé nǹkan dání ló ń pín àyè. Torí náà, ìwà àpótí kọ̀ọ̀kan ni kó o mọ̀. VerticalStackLayout kì í pààlà gíga fún ọmọ inú rẹ̀. CollectionView bi í pé, "Mo lè ga tó báwo?" Ó ní, "Bó o bá ṣe fẹ́." CollectionView bá na ara rẹ̀ títí ẹja méjìdínlógún fi wọlé tán. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹja kankan tó kù sábẹ́, kí ni kó tún máa fà sókè? Bọ́tìnnì rẹ wà níbẹ̀ o. Ó wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú fóònù ò dé. Ìwọ náà mọ ọjà Olúwo: ẹni tí wọn ò bá pààlà fún á pàtẹ dé ojú títì.

Fi Grid, àpótí tó ń pín àyè sí ìlà-ìlà, rọ́pò rẹ̀, kó o kọ RowDefinitions="Auto,*,Auto". Auto ń gba ìwọ̀n tí ohun inú rẹ̀ nílò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìràwọ̀ (*) ń gba ìyókù. Àkọlé á wà lórí Auto òkè, bọ́tìnnì lórí Auto ìsàlẹ̀, ẹja á wà lórí ìràwọ̀. Ìyókù yẹn ní òpin, nítorí náà CollectionView á mọ ibi tí ààlà rẹ̀ wà, á sì ṣeé fà. Má gbàgbé Grid.Row="1" fún ẹja àti Grid.Row="2" fún bọ́tìnnì o. Bó ò bá kọ ọ́, inú ìlà àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn á gorí ara wọn sí.

Yọ FillAndExpand kúrò. Ti ayé Xamarin.Forms, èyí tí MAUI rọ́pò, ni, kò ṣe nǹkan kan nínú VerticalStackLayout ti MAUI. MAUI jáde ní May 2022, Microsoft sì dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Xamarin dúró ní May 1, 2024. Fídíò tó bá ti ṣáájú ìgbà yẹn, máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Bí ẹnì kan bá ní kó o fi ScrollView (àpótí tó ṣeé fà) yí gbogbo rẹ̀ ká, má gbà. Òun náà kì í pààlà gíga.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà:
Lórí iye tí kò yí padà, List, àtòkọ lásán tí kì í kéde ìyípadà, lo lò. Fi ObservableCollection rọ́pò rẹ̀, ó parí.

Àǹtí Kóòdù:
Kò tíì parí o, àbúrò. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan wá nìyí nígbà kan, n ò fẹ́ kó ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀. ObservableCollection máa ń kéde pé ẹja tuntun wọlé, tàbí pé ọ̀kan jáde. Kì í kéde pé iye ẹja tó ti wà níbẹ̀ yí padà. Ẹja fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, nípasẹ̀ INotifyPropertyChanged. Lo CommunityToolkit.Mvvm, àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀: jẹ́ kí kíláàsì Ẹja jogún ObservableObject, kó jẹ́ partial, kó o wá fi [ObservableProperty] sórí iye. Kóòdù tó kù, òun ló máa kọ ọ́ fún ọ.

Kó o sì kọ x:DataType, tó ń sọ irú dátà, sórí DataTemplate (àwòṣe ojú ẹja kọ̀ọ̀kan) rẹ. Bó o bá ṣi orúkọ kọ nínú Binding (ohun tó so ojú mọ́ dátà) láìsí i, áàpù á ṣí, àyè á ṣófo, kò sì ní pariwo. Bó bá wà níbẹ̀, ìgbà tó o bá ń kọ́ áàpù náà ni àṣìṣe á ti hàn.

Ní ti Flutter: iṣẹ́ gidi ni, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ gbé ListView (àtòkọ) sínú Column (àpótí) níbẹ̀ láìfi Expanded yí i ká, kó o wo bí á ṣe fi àṣìṣe pupa dá ọ lóhùn pé gíga ò lópin. Ìṣòro yìí kan náà ni. Nínú Jetpack Compose ti Android, LazyColumn (àtòkọ) inú Column tó ṣeé fà náà á mú kí áàpù ṣubú. XAML ti wà láti 2006 pẹ̀lú WPF, irinṣẹ́ Microsoft fún ojú áàpù Windows. SwiftUI ti Apple dé ní 2019, Compose 1.0 dé ní 2021. Àwọn wọ̀nyí gbé àpèjúwe ojú wọnú kóòdù, wọn ò yà á sí fáìlì ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ìrònú ibẹ̀ jọra. Parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ń dúró dè é.

Ìyá Ìbejì:
Èmi ò mọ kóòdù, ṣùgbọ́n mo máa ń ra ẹja lọ́jà yẹn. Oòrùn ibẹ̀ kì í jẹ́ ká rí lẹ́tà eérú lórí funfun. Ọwọ́ àwọn tó ń tajà sì máa ń tutù, bọ́tìnnì kékeré kì í gbọ́ tiwọn.

Àǹtí Kóòdù:
Màámi, ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò, fi MinimumHeightRequest="48" sí bọ́tìnnì, ìwọ̀n tí Android dámọ̀ràn fún ibi tí ìka máa tẹ̀ nìyẹn. Kí àwọ̀ lẹ́tà àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì yàtọ̀ síra ní ìmọ́lẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán.

Olùkọ́ Èdè:
Ti àmì ohùn ló ká mi lára jù. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè: U+1EB9. Ọ jẹ́ U+1ECD. Ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Ọ la kọ́kọ́ ń kọ, ká tó gbé U+0300, àmì ohùn ìsàlẹ̀, lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé e lé á jù ú síbikíbi. Gbé fọ́ǹtì Noto Sans sínú Resources/Fonts, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú MauiProgram.cs, kó o sì kọ FontFamily sínú Style Label lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó o bá ti fi HeightRequest (iye gíga) dí Label mọ́lẹ̀, yọ ọ́. Òun ló ń gé àmì náà lórí.

Ọmọ Marina:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. HeightRequest="18" ni mo kọ lóòótọ́, mo ti yọ ọ́. Grid ti gbé bọ́tìnnì padà. Mo pààrọ̀ iye àrọ̀ níṣojú ẹ̀gbọ́n màmá mi láàárọ̀ yìí, ó sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n fi edé àti akàn kún un. Ohun kan ló kù: oníbàárà kì í fi àmì tẹ nǹkan. Bó bá wá "aro", kò rí àrọ̀.

Olùkọ́ Èdè:
Fi Normalize(NormalizationForm.FormD) tú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀ àti orúkọ ẹja ká sí lẹ́tà àti àmì, kó o yọ gbogbo èyí tó bá jẹ́ NonSpacingMark (àmì tí kì í gba àyè tirẹ̀), kó o tó fi wọ́n wéra. Àmì ohùn àti ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà á jáde, "aro" á sì rí àrọ̀. Ibi ìwákiri nìkan ni kó o ti ṣe é. Lójú fóònù, jẹ́ kí orúkọ ẹja wà bí wọ́n ṣe ń pè é.