Báwo ni fọ́ọ̀mù ṣe lè kìlọ̀ fún wa pé oníbàárà kan ti wà nínú àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́ béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò tí ẹ mọ iṣẹ́ dátà, mo kí yín o. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mo wà, nítòsí ọjà Ouando, ní ilé-ìtajà kan tí a ti ń ta símẹ́ńtì, irin àti páànù fún àwọn kọ́lékọ́lé àti fún àwọn tó ń rà á lọ tà. Access, ètò Microsoft tí a fi ń ṣe àkójọ dátà, ni a fi ń tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà wa, àwa mẹ́rin sì ni à ń tẹ orúkọ wọlé, oníkálukú lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìṣòro wa ni pé ẹnìkan ṣoṣo a máa ní àkọsílẹ̀ méjì, ìgbà mìíràn a tó mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wa kọ Adéchina sílẹ̀; nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, ẹlòmíràn wá a ní Adéshina, kò rí i, ó sì ṣí àkọsílẹ̀ tuntun fún un lọ́gán.

Bí ó bá jẹ́ pé owó ọwọ́ ni gbogbo ènìyàn fi ń rajà, ọ̀rọ̀ náà ì bá má tó báyìí. Ṣùgbọ́n àwìn pọ̀ nínú òwò wa. Gbèsè tó wà lórí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ kì í hàn lórí èkejì, nítorí náà ẹni tí kò tíì san owó símẹ́ńtì á tún gbé irin lọ láwìn láìpurọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí pé ohun tó wà níwájú akọ̀wé sọ pé kò jẹ gbèsè kankan. Nígbà tí ọ̀gá bá wá béèrè owó, oníbàárà á ní òun ti san án, ó sì ti san án lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí àkọsílẹ̀ kejì ni owó náà wọ̀ sí. Irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ba àárín àwa àti àwọn ènìyàn rere jẹ́, ó sì ń dùn mí.

Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà fún wa ti pa á láṣẹ nínú tábìlì pé orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù kò gbọdọ̀ jọ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ti kọ orúkọ, àdúgbò, iṣẹ́ àti iye àwìn tí a lè fún oníbàárà tán, tí a wá fẹ́ fi í pamọ́, ni ọ̀rọ̀ gígùn kan máa ń yọ ní èdè Faransé, kò sì ní sọ ẹni tí ó jọ. Ojú mi ni akẹgbẹ́ mi kan ṣe fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn orúkọ náà, tó tún bọ́tìnì tẹ̀, tó sì wọlé.

Báwo ni fọ́ọ̀mù ṣe lè kìlọ̀ fún wa kí a tó kọ̀wé jìnnà, kí ó fi ẹni tó ti wà tẹ́lẹ̀ hàn wá, kí ó sì jẹ́ kí a tẹ̀síwájú bó bá jẹ́ pé ènìyàn méjì ni wọ́n lóòótọ́? Bàbá àti ọmọ tó ń lo fóònù kan náà kò ṣọ̀wọ́n nínú àwọn oníbàárà wa.

Ará Kétu fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Ibi àmì ìdánudúró yẹn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹgbẹ́ yín, ó sì gba ojú fèrèsé wọlé. Oníbàárà dúró tì í, awakọ̀ ń fọn fèrè níta, fọ́ọ̀mù kò sì sọ fún un ẹni tí orúkọ náà jọ. Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ ya ìkìlọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdènà. Ohun tí kò lè jẹ́ ti ẹni méjì láéláé nìkan ni kí tábìlì dènà, irú bíi nọ́ńbà IFU tí ilé-iṣẹ́ owó-orí ń fún àwọn oníṣòwò, tó jẹ́ díjíìtì 13. Access lè ṣọ́ IFU kí ó má ṣe wọlé lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kí ó gba àwọn tí kò ní in rárá, bí ẹ bá fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo pátápátá fún wọn. Orúkọ àti tẹlifóònù ní tiwọn, ìkìlọ̀ ló yẹ wọ́n.

Ẹ gbé nọ́ńbà tẹlifóònù sí òkè fọ́ọ̀mù, ṣáájú orúkọ, kí ìkìlọ̀ lè yọ nígbà tí akọ̀wé kò tíì kọ ohun mìíràn. Nọ́ńbà yìí gan-an gba sùúrù. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà orílẹ̀-èdè wa ti kúrò ní díjíìtì 8 tó di 10, tí wọ́n fi 01 síwájú èyí tí oníkálukú ní tẹ́lẹ̀. Bí àkójọ yín bá ti wà ṣáájú ìgbà náà, nọ́ńbà ẹnìkan náà lè wà níbẹ̀ ní díjíìtì 8, ní 10, pẹ̀lú +229 níwájú, tàbí pẹ̀lú àlàfo láàrin ní méjì-méjì. Ẹyọ kan ni ojú ènìyàn rí, kọ̀ǹpútà sì rí mẹ́rin. Àfi kí ẹ ní àyè kejì nínú tábìlì, tí akọ̀wé kò ní máa rí, tí kóòdù yóò máa fi nọ́ńbà tí a ti fọ̀ mọ́ sí: ẹ yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe díjíìtì kúrò, kí ẹ wá mú 8 tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ 229 síwájú rẹ̀. Àwọn tó ń ti Ìmẹ̀kọ wá bá wa ní Kétu, nọ́ńbà Nàìjíríà ni wọ́n ń lò, bí ó sì ti rí lọ́dọ̀ yín náà nìyẹn fún àwọn tó ń gba Ìdíròkọ̀ wọlé. Díjíìtì 10 tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ mú nínú tiwọn, pẹ̀lú 234 níwájú. Kí àyè méjèèjì jẹ́ irú ti ọ̀rọ̀, kì í ṣe ti iye, nítorí pé àyè iye yóò gbé òdo tó bẹ̀rẹ̀ 01 mì.

Bí a bá ti pe iṣẹ́ tó ń fọ nọ́ńbà náà ní CleTelephone, tí a sì pe àyè kejì náà ní CleTel, ohun tí fọ́ọ̀mù yóò ṣe ní kété tí akọ̀wé bá kúrò lórí nọ́ńbà kò ju èyí lọ:

Private Sub Telephone_AfterUpdate()
  Me.CleTel = CleTelephone(Nz(Me.Telephone, ""))
  Me.sfDejaConnus.Form.Filter = "CleTel='" & Me.CleTel & "' AND IDClient<>" & Nz(Me.IDClient, 0)
  Me.sfDejaConnus.Form.FilterOn = True
  Me.sfDejaConnus.Visible = (Me.sfDejaConnus.Form.RecordsetClone.RecordCount > 0)
End Sub

sfDejaConnus jẹ́ fọ́ọ̀mù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ńlá. Kí ó fi orúkọ, àdúgbò àti ọjọ́ tí ẹni náà rajà kẹ́yìn hàn. Akọ̀wé yóò wò ó, yóò yíjú sí oníbàárà, yóò sì béèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin ni Àlàájì tó ń gbé Djassin?” Bọ́tìnì méjì ni kó wà lábẹ́ rẹ̀: “Ẹni yìí ni” àti “Ẹlòmíràn ni”. Èkíní yóò pe Me.Undo láti nu ohun tí akọ̀wé ti kọ, yóò sì fi FindFirst àti Bookmark gbé e lọ sórí àkọsílẹ̀ àtijọ́. Èkejì yóò jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n yóò kọ orúkọ akọ̀wé àti ọjọ́ sílẹ̀. Nínú BeforeUpdate fọ́ọ̀mù ńlá, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí àkọsílẹ̀ tó di fífipamọ́, ni ẹ ó ti sọ pé bí ẹnìkan bá hàn nínú àkójọ kékeré náà tí a kò sì tẹ bọ́tìnì kankan, kí Cancel di True, kí ó má fi í pamọ́. Ìyẹn nìkan ni ibi tí fọ́ọ̀mù yóò ti dá akọ̀wé dúró, ìdáhùn sì ni ó ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ Yorùbá sínú kóòdù VBA, èdè tí a fi ń kọ kóòdù Access, o. Ibi tí a ti ń kọ kóòdù náà kò mọ ẹ, ọ àti ṣ wa, àmì ìbéèrè ni yóò sọ wọ́n dà. Orí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò ti hàn dáadáa.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ti tẹlifóònù ti ń ṣiṣẹ́, àwọn akẹgbẹ́ mi sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń rí ẹni tí à ń wí. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún orúkọ ni mo bá ìṣòro pàdé: ó dára fún gbogbo ènìyàn àyàfi àwọn d'Almeida, àwọn ìdílé Àgùdà tó pọ̀ ní ìlú wa. Bí a bá ti tẹ orúkọ náà, àṣìṣe ni Access ń pè é. Báwo sì ni màá ṣe mú kí Adéchina àti Adéshina pàdé ara wọn?

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ fèsì:

Akọ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ti d'Almeida rọrùn: àmì kékeré tó wà láàrin orúkọ náà ni Access kà sí òpin ọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ di méjì kí ẹ tó fi wá nǹkan, báyìí: Replace(Me.Nom, "'", "''").

Ti orúkọ tó jọra ló le. Èmi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ń ta kajú fún wa níbí, mo sì lè sọ pé ènìyàn wa kan ṣoṣo lè ní orúkọ kan náà lọ́nà mẹ́ta: bí ilé ìwé Faransé ṣe kọ ọ́, bí ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà ṣe kọ ọ́, àti bí a ṣe ń kọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kí ẹ lo Soundex, ọgbọ́n tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1918, tó ń sọ orúkọ di lẹ́tà kan àti díjíìtì mẹ́ta, kí àwọn orúkọ tí ìró wọn jọra lè ní àmì kan náà. Ètí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ni ó sì máa ń dì mú. Lóòótọ́ ni Adéchina àti Adéshina jọ bọ́ sí A325, ṣùgbọ́n Adjibadé di A321 nígbà tí Ajíbádé di A213, Chabi di C100 nígbà tí Tchabi di T210. Èmi kò gbà á fún orúkọ tiwa.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ní àyè ìfiwéra fún orúkọ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ti tẹlifóònù. Kóòdù yóò yọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò, yóò sọ “ou” di “u”, “dj” di “j”, “tch”, “ch” àti “sh” di “s”, yóò sì kó àlàfo àti gbogbo àmì dànù, tó fi mọ́ àmì ìdánudúró ẹ̀yìn orúkọ. Àmì yíyọ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí pé ọ́ tí à ń rí lójú kan lè jẹ́ ọ pẹ̀lú àmì òkè, ó sì tún lè jẹ́ ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, bí bọ́tìnì fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà bá ti kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń ka méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ya Àlàájì, Àlàájà àti Ìyá Lágbájá sí àyè tiwọn, kí wọ́n má bàa wọ inú orúkọ.

Ẹ jọ̀wọ́, bí orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí, àdúgbò àti tẹlifóònù bá tilẹ̀ jọra, kí fọ́ọ̀mù má dènà. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ Kẹ́hìndé rẹ́ pé ó jẹ́ ẹ̀dà ti Táyé, tí owó kajú rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àbísọ máa hàn gbangba nínú àkójọ kékeré yẹn.

Olùtọ́jú Dátà, Àjàṣẹ́ fèsì:

Mo fara mọ́ ohun tí àwọn méjèèjì sọ, ó ku ohun tí fọ́ọ̀mù kò lè rí. Àkọsílẹ̀ tí a ti fi pamọ́ nìkan ni fọ́ọ̀mù ń wò. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá ń tẹ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, tí bàbá lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kan tí ọmọ rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ èkejì láti forúkọ bàbá náà sílẹ̀, ìkìlọ̀ kankan kò ní yọ. Nítorí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnìkan to gbogbo CleTel jọ, kí ó sì wo àwọn tó ju ẹyọ kan lọ, pàápàá àwọn tí a tẹ “Ẹlòmíràn ni” fún. Bí ẹ bá fẹ́ kí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ fèsì nígbà tí tábìlì bá dènà IFU, àṣìṣe 3022, ti ohun tó fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ni ẹ ó mú nínú Form_Error, ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń gba àṣìṣe, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín rọ́pò ọ̀rọ̀ gígùn yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí gbèsè hàn nínú àkójọ kékeré náà. Oníbàárà mìíràn lè dúró lẹ́yìn akọ̀wé, òfin dátà wa, nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, sì ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. APDP, àjọ tó ń dáàbò bo dátà ara ẹni, ni ó ń mójú tó o. Orúkọ àti àdúgbò ti tó láti fi dá ènìyàn mọ̀.

Ní ti àwọn tó ti di méjì báyìí, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà síbi tó pamọ́, kí ẹ yan àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù, kí ẹ wá kó gbogbo ìwé ìrajà àti owó tó wọlé lórí èkejì bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí iye gbèsè tó lè pé. Ẹ má pa èkejì rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí i lára pé ó ti dà pọ̀ mọ́ èyí tó pẹ́ jù, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí akọ̀wé ń rí, torí pé ìwé tí oníbàárà mú dání nílé ṣì lè gbé nọ́ńbà àtijọ́ náà wá.