Ìrẹ̀wẹ̀sì àbúrò mi ti ń lọ, èrò rẹ̀ kò lè yí padà
Oògùn ti jẹ́ kí àbúrò mi máa sùn, ẹkún náà ti dá, ṣùgbọ́n tí ètò bá ti yí padà báyìí, orí rẹ̀ á dúró. Wọ́n ṣe ìdánwò Trail Making B fún un: kó fa ìlà láti 1 sí A, A sí 2, 2 sí B, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ti orí 2 bọ́ sí 3 ṣáá, bó tilẹ̀ ń ka òfin náà sókè. Ó dùn mí gan-an. A kọ ètò ọjọ́ sílẹ̀ fún un; ètò náà ló tún wá rọ̀ mọ́. Dókítà kan ní ìrẹ̀wẹ̀sì lásán ni, èkejì ní bipolar ni, àìsàn tí inú èèyàn fi ń ru sókè jù nígbà kan, tó sì ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà míì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àìlèyí èrò padà yìí yàtọ̀ nínú méjèèjì débi tá a fi lè mọ èyí tó ń ṣe é?