Lórí àbá pé kí a fi A, B, D, E, Ẹ, F kọ òǹkà onípìlẹ̀ mẹ́rìndínlógún

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà méjì ni àbá tó wà nílẹ̀ pín sí: kí a máa pe òǹkà yìí (hexadecimal, tí a máa ń fi 0 dé 9 àti A, B, C, D, E, F kọ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà) ní ‘ẹẹ́rìndínlógún’, kí a sì fi lẹ́tà tiwa, A, B, D, E, Ẹ, F, kọ 10 dé 15, torí pé Yorùbá kò ní C.

Ti orúkọ kò le. Ẹẹ́rìndínlógún ti ní oníǹkan: owó ẹyọ tí àwọn olórìṣà ń dà ni, òun náà ni wọ́n ń pè ní diloggún ní Kúbà. ‘Òǹkà onípìlẹ̀ mẹ́rìndínlógún’ ni mo fara mọ́. Ó gùn lóòótọ́, àmọ́ kò ní da nǹkan rú.

Ti lẹ́tà ni kò ṣeé gbà. Nínú àwọn èdè kọ̀ǹpútà bíi C, Java àti Python, 13 ni 0xD (0x ló ń sọ pé òǹkà yìí ni a fi kọ nọ́ńbà náà). Nínú àbá yìí, ó ti di 12. Compiler kankan (ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún kọ̀ǹpútà) kò sì ní gba 0xẸ. Lẹ́tà Ẹ fúnra rẹ̀ ju báìtì kan (tó ń gba 0 dé 255) lọ: U+1EB8 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, UTF-8, ìlànà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, sì ń kọ ọ́ ní E1 BA B8. Bí ẹ bá tẹ E, tí ẹ wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un lọ́tọ̀, 45 CC A3 ni yóò jẹ́. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀.

Ibi tí Yorùbá ti ń kó sí wàhálà gan-an nìyí. Ẹ kọ ‘ẹbọ’ báyìí ní C:

"\xE1\xBA\xB9bọ"

Kò ní gbà. \x, tí a fi ń kọ báìtì ní òǹkà yìí, kì í dúró lórí àmì méjì. Ó ń gbé gbogbo àmì òǹkà yìí tó bá rí tẹ̀lé e. Ó gbé b ti ‘bọ’ mọ́ B9, ó di \xB9b, báìtì kan kò sì gbà á. Ẹ gé e sí méjì:

"\xE1\xBA\xB9" "bọ"

Ní Python, \u1EB9 (nọ́ńbà Unicode ti ẹ kékeré) kì í gbà ju àmì mẹ́rin lọ, nítorí náà ‘b’ kò ní bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti kíkà sókè, ẹ má pe 0x10 ní ẹ̀wá. ‘Ọ̀kan, òdo’ ni, iye rẹ̀ sì jẹ́ 16. Òdo iwájú kò ní iye kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ní assembler ti Intel (ètò tó ń túmọ̀ àṣẹ tí a kọ tààrà fún ẹ̀rọ), níbi tí h ìparí ti ń ṣe iṣẹ́ 0x, orúkọ lásán ni FFh, àfi kí ẹ kọ 0FFh kó tó di 255. Ní C, bí ẹ bá yọ x kúrò nínú 0x10, 8 ni 010 máa jẹ́. Python 3 kò tilẹ̀ ní gbà á.