Ilé-iṣẹ́ Èkó ló ń sanwó fún mi, Leeds ni mò ń gbé: ta ni mo máa san owó orí fún?

Ọmọ Leeds: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìlú Ọba. Mo bá ìyàwó mi wá lórí físà rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2024. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń yọ owó orí tibẹ̀ kí n tó gbowó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní Yábàá kò tíì fi mí sílẹ̀: mò ń bá wọn ṣe ìṣirò owó lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́, ₦600,000 lóṣù, sínú báǹkì Nàìjíríà. Wọ́n ń yọ owó orí Èkó níbẹ̀ náà. Ẹnìkan ní bí mi ò bá ti gbé owó náà wọ ibí, kò kan HMRC, àwọn agbowó-orí Ìlú Ọba. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Baba Ṣọlá: Kò kàn wọ́n rárá. Ta ló fẹ́ lọ tú báǹkì Yábàá wò?

Ìyá Ìbejì: Baba Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò. Àbúrò, ibi tí ìdí rẹ jókòó sí tí o ti ń tẹ kọ̀ǹpútà ni òfin kà sí ibi tí owó náà ti wá. Leeds ni. Ìrọ̀rùn owó orí ọdún mẹ́rin tí wọ́n fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oṣù Kẹrin 2025, nǹkan bí owó tí ayálégbé ń san fún ọ ní Ìbàdàn ló wà fún. Kò kan owó iṣẹ́ tí o ṣe níbí.

Ká ṣírò £1 ní ₦2,000: £300 lóṣù nìyẹn. Bí iṣẹ́ arúgbó bá ti gbé £12,570 tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀ tán, 20% ni wọ́n máa gbà, £60 lóṣù. National Insurance, owó ìbánigbófò ìjọba, kò kàn ọ́ lórí ti Yábàá, torí kò tó £242 lọ́sẹ̀ tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. O ní láti fi orúkọ sílẹ̀ fún Self Assessment, ìwé owó orí tí èèyàn ń kọ fúnra rẹ̀: fún ọdún owó orí tó parí ní oṣù Kẹrin 2025, 5 oṣù Kẹwàá 2025 ni òpin ìforúkọsílẹ̀. 31 oṣù Kìíní 2026 ni òpin fífi ìwé ọdún yẹn ránṣẹ́ àti sísanwó. Bí ìwé bá pẹ́, owó ìtanràn £100 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọmọ Leeds: Ẹ ṣé, mà. Ti Èkó ńkọ́? Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó máa san?

Ìyá Ìbejì: Rárá o. Àdéhùn owó orí ti wà láàárín Nàìjíríà àti Ìlú Ọba láti 1987. Owó iṣẹ́ tí olùgbé ibí bá ṣe níbí, ibí nìkan ló ni owó orí rẹ̀. Má retí pé HMRC máa yọ ti Èkó kúrò nínú tiwọn, torí kò yẹ kí Èkó gbà á rárá. Ilé-iṣẹ́ rẹ ni kó dáwọ́ yíyọ dúró. Gbígba èyí tó ti lọ padà... kí o sáà ní sùúrù.

Ọmọ Leeds: Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé ibí ni mò ń gbé.

Ìyá Ìbejì: HMRC ló ń fúnni, certificate of residence ló ń jẹ́. Orí ìkànnì ìjọba ni wàá ti béèrè. Dárúkọ àdéhùn Nàìjíríà sí i.