Igun tẹlifíṣọ̀n elẹ́yìn wa di àwọ̀ ewé: ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ kú ilé o. Tẹlifíṣọ̀n elẹ́yìn, ínṣì 21, tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni mo ń wí. Láti ọjọ́ Àìkú ni igun rẹ̀ lókè lápá ọ̀tún ti di àwọ̀ ewé, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ sì pupa bí ẹni da epo sí i. Tí oníròyìn bá jókòó sí àárín, ojú rẹ̀ dára. Kí ó ṣáà ti sún sí ọ̀tún báyìí, orí rẹ̀ á di ẹ̀fọ́. Ta ló ti rí irú rẹ̀, kí lẹ sì ṣe sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra pẹlẹbẹ. Màmá wa ò ní gbà kí á gbé e kúrò ní pálọ̀.

Ìyá Ìbejì
Sípíkà ni. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó
Háà, mà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé sípíkà wà níbẹ̀? A ṣe ìrántí bàbá ní Sátidé, àbúrò mi ló gbé sípíkà ńlá rẹ̀ tì í. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá Ìbejì
Ojú mi ti rí i ni. Ọdún tí mo bí àwọn ìbejì, ọkọ mi ra ẹ̀rọ orin, ó fi sípíkà kan sí ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìkejì sí òsì. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi di àlùkò. Mo pe rípérà kan. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i, ó mi orí, ó ní túùbù ti kú, tòkunbọ̀ rẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà. Owó tí wọ́n fi ta àwọn ọmọ lọ́rẹ ni mo kà fún un. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbé e dé, àwọ̀ pé pérépéré. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àlùkò tún dé.

Mo bá lọ yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà. Ìdérí bírò pupa kan wà níbẹ̀ tí ọmọ mi àgbà ti tì bọ ihò náà lọ́dún tó ṣáájú. Ó há sáàárín ìgò túùbù àti ike, eruku ti bò ó. Ẹni tó bá pààrọ̀ túùbù, báwo ni ìdérí bírò yẹn ṣe máa ṣì wà níbẹ̀?

Àdìgún
Ìdérí bírò ló jẹ́rìí yẹn o!

Ẹni Ọjà-Ọba
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án nígbà yẹn! Ọlọ́run á dá a padà fún yín, mà. Tèmi, rípérà ní kí n lọ ra stabilizer tuntun. Mo rà á. Àwọ̀ ò padà.

Lánre Ìlọrin
Wọ́n ti gba owó bàbá mi náà lọ́nà yìí. Túùbù kan náà ni wọ́n "pààrọ̀" lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá Rípérà Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ará, ẹ má fi tẹnìkan ba gbogbo wa jẹ́. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tí ẹni yẹn ṣe sí Ìyá Ìbejì dùn mí, olè ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ìgò, lẹ́yìn ojú tí ẹ ń wò, irin kan wà tó fẹ́lẹ́, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí ajere. Ìtànṣán mẹ́ta ló ń gba inú ihò yẹn kọjá, ti pupa, ti ewé, ti búlúù, kálukú á sì lọ bá ọ̀dà tirẹ̀ lára ìgò. Tí òòfà sípíkà bá ti wọ irin yẹn lára, ìtànṣán á yà bàrá, ti pupa á lọ bọ́ sórí ọ̀dà ewé. Túùbù ò kú. Irin ló mu òòfà. Ilé Ìyá Ìbejì sì kọ́ ni òòfà ti kúrò lára rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni, nítorí kò sí sípíkà níbẹ̀. Ó délé, sípíkà tún kó o ràn án.

Wáyà kan ló yí túùbù po tó ń yọ òòfà náà fúnra rẹ̀. "Gbùn-ùn" tí ẹ máa ń gbọ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n, òun nìyẹn. Ó yá, Ọmọ Òkè-Àdó: gbé sípíkà jìnnà, pa tẹlifíṣọ̀n ní súwíìṣì ara rẹ̀, má fi rìmóòtù pa á, fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o tó tan án. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Àdìgún
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún kí ni, ọ̀gá? Àwa a máa pa á, tan án, pa á, tan án ni.

Ọ̀gá Rípérà Mọ́kọ́lá
Ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ fún yín nìyẹn. Nǹkan kékeré kan tó ń jẹ́ posistor ló ń jẹ́ kí iná dé wáyà yẹn. Tó bá ti gbóná, ó ti dí ọ̀nà. Àfi kó tutù pátápátá. Tí ẹ kò bá gbọ́ "gbùn-ùn" rárá lẹ́yìn tó ti sinmi, ó ṣeé ṣe kí posistor ti jó. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Tòkunbọ̀ Peckham
Kò sí sípíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi o. Mo fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Abẹ́òkúta ní 1998. Níbí ó mọ́ kedere. Nígbà tó dé ọ̀hún, igun méjì ní àbàwọ́n. Tí wọ́n bá yí i kọjú sí ọ̀nà ilé ìdáná, àbàwọ́n á sún kúrò níbi tó wà.

Ẹni Ọjà-Ọba
Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ti wọ̀ ọ́.

Ọ̀gá Rípérà Mọ́kọ́lá
Òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ní òòfà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ńṣe ni òòfà yẹn dorí kọ ìsàlẹ̀. Níbí tí a ti sún mọ́ àárín ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n tò fún ọ̀hún lè nílò kí wọ́n tún òrùka kékeré tó wà lọ́rùn túùbù yí.

Àdìgún
Ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ ló ń ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́? Ọ̀gá, mi ò gbà.

Bàbá Àgbà
Tiwa aláwọ̀ dúdú-àti-funfun ò ní wàhálà yìí. Sípíkà ńlá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ò rí àbàwọ́n kankan.

Ọ̀gá Rípérà Mọ́kọ́lá
Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Kò ní irin oníhò yẹn, ìtànṣán kan ṣoṣo ló ní.

Ẹni Ọjà-Ọba
Tèmi tí mo ra stabilizer fún ń kọ́? Gbogbo ojú rẹ̀ ló dà bí omi òkun, kì í ṣe igun. Tí a bá gbá a lórí, àwọ̀ á padà fúngbà díẹ̀.

Ọ̀gá Rípérà Mọ́kọ́lá
Òòfà kọ́ nìyẹn. Pupa ló sọnù. Tó bá jẹ́ búlúù ló sọnù, gbogbo ojú á di yẹ́lò; tó bá jẹ́ ewé, á di àlùkò. Bí gbígbá ṣe ń dá a padà, lẹ́ẹ̀dì ti sán níbì kan, ọ̀pọ̀ ìgbà lórí pátákó kékeré tó wà lọ́rùn túùbù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tú u fúnra yín. Iná inú túùbù tó 25,000 fóltì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fọwọ́ kàn án, ògiri ló gbá a mọ́.

Lánre Ìlọrin
Èmi rí ẹni tó ní kí á fi òòfà fa òòfà jáde.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má dán an wò! Ọmọ mi fi òòfà sípíkà tó ti bàjẹ́ ya òṣùmàrè sójú tẹlifíṣọ̀n kejì tí a ní. Títí tí a fi tà á, òṣùmàrè ń bẹ níbẹ̀.

Àdìgún
Ti ẹ̀gbọ́n mi já bọ́ láti orí ọkọ̀. Àbàwọ́n rẹ̀ ò lọ mọ́.

Ọ̀gá Rípérà Mọ́kọ́lá
Irin inú rẹ̀ ti tẹ̀ nìyẹn. Kò sóògùn rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó
Mo ti dé o. Mo gbé sípíkà lọ sí yàrá. Mo pa á, mo dúró, mo tan án: "gbùn-ùn"! Ewé yẹn rọ díẹ̀. Kí n tó pa á lẹ́ẹ̀kejì, NÉPÀ bá wa pa á, wọn ò sì dá iná padà títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí iná dé, Màmá fúnra wọn ló tan án. Pupa ti lọ tán. Ewé kù bí ẹyọ kọ́bọ̀ kan ní igun pátápátá. Màmá ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, wọ́n ń wo ìròyìn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ bá mi kí màmá.

Àdìgún
Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ayé yẹn ṣì wà nílẹ̀ o.