Lymphocyte àbúrò mi lọ sílẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kókó yọ sí àbúrò mi ọkùnrin lọ́rùn, ọmọ ọdún 28 ni. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní Hodgkin lymphoma ni, irú jẹjẹrẹ kan. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí: lymphocyte 0.5, wọ́n ya ọfà tó dorí kodò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dókítà ní ìyẹn kì í ṣe àmì rere, ni wọ́n bá pe ẹlòmíì wọlé. Màmá wa ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ṣé ó ti bọ́ náà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Kò bọ́ rárá. Ọmọ ogun ara ni lymphocyte, wọ́n wà lára ẹ̀jẹ̀ funfun. 0.5 yẹn, 500 ni nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín. Tí kò bá ti tó 600, a máa ń kà á sí àléébù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni nínú àléébù méje tí dókítà Hasenclever ará Jámánì àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ní 1998, lára àwọn tí àìsàn náà ti tàn káàkiri ara wọn. Ọkùnrin tó jẹ́ tún jẹ́ ọ̀kan. Àmọ́ kò tíì pé 45, ìyẹn ti yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ wo hemoglobin (ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa) àti albumin (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ náà, wọ́n wà lára méje yẹn. Kódà, nínú àwọn tó ní márùn-ún sókè nínú àléébù méje náà, 42 nínú 100 ni àìsàn ò tún gbilẹ̀ lára wọn fún ọdún márùn-ún.

Bàbá Onímọ́tò: Tèmi 0.4 ni. ABVD, àpapọ̀ oògùn jẹjẹrẹ mẹ́rin, ni wọ́n fún mi, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́fà. Irun mi re, èébì ò jẹ́ kí n sùn. Ọdún kẹjọ rèé, mo ṣì ń wakọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí alágbo kankan dá yín dúró.

Bọ̀dá Láàbù: Àǹtí, ṣé ó ń lo prednisolone, oògùn steroid yẹn? Ó máa ń fa lymphocyte wálẹ̀. HIV náà lè ṣe é, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ń lò ó, ẹ má dá a dúró lójijì, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún.

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀yin ará, mo tú báàgì rẹ̀. Prednisolone ni lóòótọ́! Olóògùn àdúgbò ló fún un nítorí ikọ́, ó ti ń lò ó lọ́sẹ̀ méjì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ya fọ́tò páálí rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, a ó ti wà níwájú dókítà. Màmá ti mu ògì díẹ̀.