Ẹ̀yin tí wọ́n ti gé àpòlúkù yín kéré, báwo lẹ ṣe ń jẹun báyìí? Ẹ jẹ́ n fi tèmi bẹ̀rẹ̀

AbọKékeré

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ṣe sleeve, ìyẹn iṣẹ́ abẹ fún àtifọn tí wọ́n ti máa ń gé nǹkan bí 80 nínú 100 àpòlúkù kúrò, tí èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà dáadáa, wọ́n sọ̀rọ̀ ojú egbò, wọ́n fún mi níwèé tí wọ́n to oúnjẹ sí, àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹyin ni mo tó mọ ohun tó wà níwájú mi.

Ẹyin kan péré o. Mo ti mu nǹkan olómi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo ti jẹ àwọn tí wọ́n lọ̀ kúnná, wọ́n wá ní mo lè máa jẹ oúnjẹ rírọ̀. Mo po ẹyin yẹn, mo sè é lórí iná kékeré títí ó fi rọ̀ tó sì tutù lọ́wọ́, mo bù ú sínú abọ́, ṣíbí tíì ni mo mú. Ṣíbí kìíní, omi bọ́ lójú mi, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹnu kan nǹkan oníyọ̀ tó ṣeé jẹ. Ìkejì lọ. Ìkẹta, mo gbé e mì kíá bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ló bá dúró sí àárín àyà mi níbí, kò lọ sísàlẹ̀, kò padà sókè, itọ́ wá ń sun sí mi lẹ́nu, itọ́ funfun tó ń hó bí ọṣẹ. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá fún bí 20 ìṣẹ́jú kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹyin tó kù ti tutù sínú abọ́, mo kàn ń wò ó ni. Èmi tí mo máa ń jẹ mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni ìṣirò. Wọ́n ní kí n máa jẹ tó 60 sí 80 gírámù purotéènì lójúmọ́, ẹyin kan ò ju bíi 6 gírámù lọ, mi ò sì lè jẹ ẹyin kan tán! Bẹ́ẹ̀ purotéènì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù, torí tí oúnjẹ bá kéré báyẹn kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni ara ń jó, á tún máa mú nínú iṣan, èèyàn á wá fúyẹ́ lórí ìwọ̀n àmọ́ kò ní lè gun àtẹ̀gùn. Pàúdà purotéènì tí wọ́n ń pò mọ́ omi tàbí mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀ ló gbà mí nígbà yẹn, ìwọ̀n kan máa ń ní bí 20 sí 25 gírámù, mo máa ń fi wákàtí kan mu ife kan, mo kàn ń fẹnu tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Nígbà tó yá ni yọ́gọ́ọ̀tì tó ki wọlé, èyí tí kò ní súgà tí kò sì lọ́ràá, 100 gírámù ẹ̀ ní bí 10 gírámù purotéènì, kálórì ẹ̀ ò sì ju bíi 60 lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an títí dòní. Ẹ̀yin ńkọ́?

Rọra_Jẹun

Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Bypass lèmi ṣe ní tèmi, ìyẹn èyí tí wọ́n ti máa ń fi díẹ̀ lára àpòlúkù ṣe àpò kékeré, tí wọ́n á so ó mọ́ ìfun, àpò oúnjẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ò ju ẹyin adìẹ lọ. Tèmi ò há, súgà ló fẹ́ gbé mi lọ. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni, mo mu júùsì ife kan torí mo rò pé èso ni jàre, kí ló fẹ́ ṣe, kò tó ìṣẹ́jú 15 àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, òógùn bò mí, òòyì ń kọ́ mi, inú ń kùn, mo ní láti dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà. Dumping ni wọ́n ń pè é, súgà máa ń já wọ inú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà ni. Látìgbà yẹn purotéènì ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ẹja kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀fọ́, tí àyè bá ṣì kù ni mo tó wo ìrẹsì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ kù.

Omi náà o, ẹ má mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Èmi máa ń dúró fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí mo bá jẹun tán.

IrunMi

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí torí ó ṣì ń dùn mí. Mo ń fọn lọ dáadáa, gbogbo èèyàn ń yìn mí, mi ò mọ̀ pé bísíkíìtì ni mo fi ń gbéra. Ẹran máa ń wúwo sí mi láyà, bísíkíìtì ní tiẹ̀ á yọ́, á kọjá wẹ́rẹ́, mo lè jẹ páálí kan tán kí n má mọ̀ ọ́n lára, kálórì lásán tí kò ní nǹkan kan nínú. Oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo ń fọ irun mi, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi jáde, ìdì ìdì. Mo jókòó sí balùwẹ̀ mo sunkún.

Dókítà ní irun máa ń já lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, pé ó máa ń padà hù, àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tèmi fi hàn pé purotéènì mi lọ sílẹ̀, áyọ̀ọ̀nù (èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀) náà lọ sílẹ̀. Mo ti ń fo fítámì mi. Ẹ má fò ó o, títí ayé ni. Kí ẹ má sì lo áyọ̀ọ̀nù pọ̀ mọ́ kálísíọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn, torí ọ̀kan ò ní jẹ́ kí ìkejì wọra.

Irun ti ń hù padà, ó rọ̀ bíi ti ọmọ jòjòló ní iwájú orí mi.

Ọ̀sẹ̀Kejì

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin àgbà wa. Nǹkan olómi lèmi ṣì ń mu. Ẹ̀rù adìẹ ló ń bà mí jù, gbogbo èèyàn ń sọ pé ó máa ń há. Ṣé mo máa tún lè jẹ ẹ́ báyìí?

AbọKékeré

Wàá jẹ ẹ́ àbúrò mi, kò ní pẹ́. Tí wọ́n bá ti gbà ẹ́ láyè, má yan án, bọ̀ ọ́ ni kó o bọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi ẹran, yọ awọ ẹ̀, fọwọ́ ya á sí wẹ́wẹ́, kó o wá da omi ẹran náà lé e kó má gbẹ. Èyí tí wọ́n gbé kaná lẹ́ẹ̀kejì ló máa ń há jù, mi ò mọ iye ìgbà tó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀. Igẹ̀ adìẹ 100 gírámù máa ń ní bí 30 gírámù purotéènì, kálórì ẹ̀ ò sì tó 170, ìdajì ẹ̀ lásán ni mo ń jẹ lọ́sàn-án báyìí tí mo sì ń yó.

Bù ú kéré bí èékánná ìka ọwọ́ rẹ tó kéré jù, jẹ ẹ́ lẹ́nu títí á fi di omi, gbé ṣíbí sílẹ̀ kó o tó bu òmíràn. Tó bá há, má da omi lé e lórí, dìde kó o máa rìn. Àmọ́ tó bá di pé ò ń bì lójoojúmọ́, tí omi pàápàá ò dúró, má ṣe sùúrù rárá, pe dókítà rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, torí fítámì B1 lè tán lára èèyàn níbẹ̀ kó sì ba iṣan ìmọ̀lára (nerve) jẹ́. Wá sọ fún wa lọ́jọ́ tó o bá jẹ ẹyin àkọ́kọ́.